Mo kọ̀ láti gba Zoology: báwo ni kí n ṣe lo ọdún kan yìí kí n tó tún du ìṣègùn òyìnbó?

Àdùkẹ́_Gbági (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tó wà níbí. Ọmọ ọdún 17 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí mi, ọdún yìí ni mo sì parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá mi dára nínú gbogbo iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, àfi Gẹ̀ẹ́sì nìkan tí mo ti gba C6. Mo gba máàkì 271 nínú UTME, ìdánwò àtiwọ yunifásítì tí JAMB ń ṣe, ìṣègùn òyìnbó ni mo sì yàn ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan. Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn náà, ló dá mi dúró. Máàkì 56 péré ni mo gbà níbẹ̀, nígbà tí orúkọ mi sì máa jáde lórí CAPS, ojú-òpó JAMB tí a ti ń rí àyè tí wọ́n fún wa, Zoology (ẹ̀kọ́ nípa ẹranko) ni wọ́n fún mi.

Bàbá mi ní kí n gbà á, pé ẹni tó ti wọ ọgbà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Gbági, ní àwọn kò fẹ́ kí n fi ọdún mẹ́rin ka ohun tí ọkàn mi kò sí níbẹ̀. A jọ sọ ọ́ títí, wọ́n wá fi ìpinnu sílẹ̀ fún mi, mo sì ti kọ̀ ọ́ lórí CAPS. Nítorí náà, n kò béèrè mọ́ bóyá ó yẹ kí n kọ̀ ọ́. Ohun tí mò ń béèrè ni bí mo ṣe máa lo àkókò tó wà láàárín oṣù kẹwàá tí a wà yìí àti UTME mìíràn, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, àti àwọn oṣù tó tún wà lẹ́yìn ìyẹn kí Post-UTME tó dé. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ fi gbogbo rẹ̀ wo fíìmù lórí fóònù. Ṣé ìwé nìkan ni kí n máa kà, àbí kí n wá ilé ìwòsàn kan tí mo ti lè máa ṣèrànwọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á tètè gbà mí.

Ọmọ_Ìṣègùn_400L

Àbúrò mi, o káre láé. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ yẹn kúrò nílẹ̀, torí ó lè ṣì ọ́ lọ́nà. Nínú ìṣirò tí àwọn yunifásítì ìjọba ń lò ní Nàìjíríà, kò sí àyè kankan fún iṣẹ́ ìrànwọ́ ní ilé ìwòsàn. Máàkì ni wọ́n ń wò, lẹ́yìn máàkì ni wọ́n wá ń wo ìpínlẹ̀ tí o ti wá, nítorí pé ìlànà àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni pé kí ìdá 45 nínú 100 wọlé nípa máàkì nìkan, kí ìdá 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká, kí ìdá 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn. Bí o bá fẹ́ lọ ṣèrànwọ́, lọ nítorí ohun mìíràn, má lọ nítorí máàkì.

Ní ti máàkì fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í jókòó ṣe ìṣirò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Mú UI, ìyẹn Yunifásítì Ìbàdàn, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Wọ́n á fi 8 pín máàkì UTME rẹ, wọ́n á fi 2 pín ti Post-UTME, wọ́n á sì ro méjèèjì pọ̀ lórí 100. UTME 271 tìrẹ yẹn di 33.875, Post-UTME 56 di 28, àpapọ̀ wọn jẹ́ 61.875. Ká ní o wá kàwé ní ọdún yìí tí UTME rẹ fi fò sókè sí 291, ohun tí 20 máàkì yẹn máa fi kún un kò ju 2.5 lọ. Ṣùgbọ́n bí Post-UTME rẹ bá fi 20 máàkì kan náà gbéra, láti 56 sí 76, odindi máàkì 10 ló wọlé fún ọ. Síbẹ̀, oṣù mélòó ni àwọn ènìyàn fi ń ka ìwé UTME, ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n sì fi ń ka ti Post-UTME? Bí wọ́n bá ti jáde nínú gbọ̀ngàn JAMB, wọ́n á lọ sùn, ó di ìgbà tí fọ́ọ̀mù Post-UTME bá jáde. Oṣù wọ̀nyẹn gan-an ni ibi tí ọdún rẹ yìí wà, àbúrò.

Ìṣirò ti UNILAG tún yàtọ̀: UTME ni 50, Post-UTME ni 30, èsì ìwé mẹ́wàá rẹ sì ni 20. Níbẹ̀, C6 inú Gẹ̀ẹ́sì yẹn á fà ọ́ sẹ́yìn. Bí o bá fẹ́ tún ìdánwò náà ṣe nítorí rẹ̀, má forúkọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sílẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló ń béèrè pé kí kírẹ́díìtì márààrún wá láti inú ìjókòó kan ṣoṣo. Bí o bá máa ṣe é, gbogbo rẹ̀ ni kí o tún ṣe.

Bàbá_Olùkọ́_Òṣogbo

Ọmọ mi ti pinnu, n kò ní bá a jà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìhà tí bàbá rẹ̀ dúró sí, torí àwọn ọmọ mìíràn tí kò tíì pinnu á ka ìjíròrò yìí. Ọdún mẹ́fà ni ìṣègùn fúnra rẹ̀, ọdún kan tún wà fún housemanship, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ dókítà tuntun ní ilé ìwòsàn, ọdún kan fún agùnbánirọ̀. Ìyẹn jẹ́ bí ASUU kò bá da iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2022, ọjọ́ 14 oṣù kejì ni wọ́n ti ọgbà, oṣù kẹwàá ni wọ́n tó padà. Ẹni tó bá fi ọdún kan kún èyí nílé gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń fi kún un. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní Báyọ́lọ́jì, mo sì rí àwọn ọmọ tó mú ìwé dání dáadáa tó jókòó sílé fún ọdún kan, tó di méjì, tó di mẹ́ta, nítorí pé ìṣègùn nìkan ni wọ́n rí níwájú. Ó yẹ kí òpin wà fún un. Ẹ̀yin òbí rẹ̀, ẹ jọ sọ ọ́ kí ọdún yìí tó parí: bí kò bá bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì, kí ni a máa gbà?

Ọmọ_Ìṣègùn_400L

Òótọ́ ni ẹ sọ, sà. Mo fara mọ́ ti òpin yẹn. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí àwọn kan ṣe máa ń sọ pé kí ọmọ gba ohunkóhun, pé tó bá dé ibẹ̀ á rékọjá sí ìṣègùn ní ipele 200. Àyè rẹ̀ kéré gan-an, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kò tilẹ̀ fàyè gbà á rárá, JAMB kò sì gbà kí ènìyàn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá máa gba Zoology, kó gbà á nítorí Zoology.

Ìyá_Bọ̀dé_Ìwó

Ọmọ mi, má jókòó sílé lásán o. Ní àdúgbò wa níbí, ilé ìwòsàn aládàáni kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́, wọ́n ti ń fa omi sí aláìsàn lára, wọ́n ti ń gbẹ̀bí. Owó tí wọ́n ń gbà kò pọ̀, wọ́n sì ń fún wọn ní aṣọ funfun. Bí o bá ti mọ ìyẹn kí o tó wọ yunifásítì, o ti ṣíwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ nìyẹn.

Mátírọ́ọ̀nù_Fẹ̀yìntì

Ìyá Bọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ọ̀rọ̀ mi sí àfojúdi. Ọkàn rere lẹ fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ ọmọ yìí pé kó má ṣe dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ọ̀sílíárì yẹn, òfin kò mọ̀ ọ́n. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà nìkan ló lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ, kò sì ní fún un láìjẹ́ pé ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí. Ilé ìwòsàn tó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọdún 17 kó lè fi abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́ kò kọ́ ọ ní iṣẹ́ kankan, òṣìṣẹ́ tí kò ní san owó oṣù fún ló ń wá. Ọ̀rọ̀ òfin nìkan kọ́ sì ni. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gún sí ìdí ọmọdé ní ibi tí kò yẹ lè ba iṣan tó ń darí ẹsẹ̀ jẹ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n máa ń gbé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bá wa: ọmọ tó ń sáré kiri lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn, tí wọ́n gbé lọ gba abẹ́rẹ́ ibà, tó wá ń wọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ nílẹ̀ bó bá ń rìn. Ẹni tó gún un kò ní èrò ibi. Kò mọ̀ ni. Ẹ̀rí ọkàn wo ni ọmọ tó fẹ́ di dókítà máa fi gbé irú nǹkan báyẹn?

Ìyá_Bọ̀dé_Ìwó

Màmá, mo gbọ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn náà ló ń tọ́jú wa lóru nígbà tí kò sí dókítà nítòsí. Kí ni kí àwa tó wà ní ẹ̀yìn odi wá ṣe?

Mátírọ́ọ̀nù_Fẹ̀yìntì

Ìbéèrè tí ẹ bi mi yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti fi ṣe iṣẹ́ ṣe nígbà tí wọ́n jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Dókítà àwọn ọmọdé ni wọ́n, wọ́n sì gbà pé ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù ìjọba ìbílẹ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ dé, kí ó tó di ilé ìwòsàn ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí òṣìṣẹ́ tó tó, ìyẹn ni mo fi ń sọ fún Àdùkẹ́ pé, bó bá fẹ́ ṣèrànwọ́, ibẹ̀ ni kó lọ, ní ọjọ́ àjẹsára, kó sì jẹ́ iṣẹ́ tí kò kan ìgò tàbí abẹ́rẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún rèé. Láti àárọ̀ kùtùkùtù ni àwọn ìyá á ti tò sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ á máa ké, àwọn mìíràn kò mú káàdì wá. Ẹni tó ń ṣèrànwọ́ á máa kọ orúkọ, á máa gba káàdì jọ bí wọ́n ṣe dé, á máa gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, á sì ké iye kílò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín ìyẹn lojú rẹ̀ á ti máa là. Á rí i pé ọmọ tuntun ń gba BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, ní apá òsì, pé abẹ́rẹ́ pentavalent, tó ń dènà àrùn márùn-ún, wà fún ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14, pé ti ibà pọ́njú jẹ́ oṣù 9. Bí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti kọ́ni, ó lè mú ìgò kan sókè fún un. Lára ọ̀pọ̀ ìgò àjẹsára ni àmì róbótó kan wà, tí onígun mẹ́rin kékeré kan wà nínú rẹ̀. Bí àjẹsára náà bá ṣì dára, onígun mẹ́rin yẹn á funfun ju róbótó tó yí i ká lọ. Bí ooru bá ṣe ń mú un, bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣú. Bí àwọ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba, dídà ni ìgò náà, kò sí ẹ̀bẹ̀. Mo ti rí ọjọ́ tí iná kò sí, tí yìnyín inú kúlà ti yọ́, tí a kó ìgò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tí a ń fi ojú wá àmì yẹn, tí àwọn ìyá sì ń wò wá láti orí bẹ́ǹṣì. Ọmọ tó bá rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí àìsí iná ń ṣe fún ìlera ju ẹni tó kà á nínú ìwé lọ.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni àwọn ìyá tí kò padà wá. Ọmọ gba ti ọ̀sẹ̀ 6, kò sí ẹni tó rí i ní ọ̀sẹ̀ 10. Ẹni tó ń ṣèrànwọ́ lè bá wọn yẹ ìwé wò, kí ó kọ orúkọ wọn jáde, kí òṣìṣẹ́ tó ń kiri ilé lè lọ wá wọn kàn.

Ṣọlá_Peckham

Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ka èyí. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ Àdùkẹ́ sọ kì í ṣe irọ́, ibi tó ti jẹ́ òótọ́ ló yàtọ̀. Níhìn-ín, ọ̀pọ̀ nínú wa tó parí A-level tí kò rí àyè ìṣègùn máa ń gba ọdún kan, torí pé ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni UCAS, àjọ tó ń gba ìwé ìwọlé yunifásítì níhìn-ín, máa ń ti ilẹ̀kùn fún ìṣègùn, ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin péré sì ni ènìyàn lè yàn fún un. Ìdánwò àtiwọ ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní UCAT wà, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì wà. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yẹn ni wọ́n ti ń béèrè ohun tí o rí ní ibi iṣẹ́. Àbúrò màmá mi tó wà ní Houston sọ fún mi pé, ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn dígírì àkọ́kọ́ pàápàá ni wọ́n ń gba irú ọdún báyìí, kí wọ́n tó ṣe MCAT, ìdánwò àtiwọ ìṣègùn tiwọn, tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ṣe iṣẹ́ healthcare assistant ní wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó nígbà yẹn. Kò sí ohun ńlá kan nínú rẹ̀: mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń bá nọ́ọ̀sì yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà dá sí wọn lára. Ohun tí àwọn olùfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fẹ́ gbọ́ kì í ṣe iye wákàtí. Wọ́n bi mí pé, sọ ìgbà kan tí aláìsàn bínú sí ọ, kí lo ṣe? Mo ní ìdáhùn, torí mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àdùkẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ ní irú ìbéèrè yìí ní Nàìjíríà kí wọ́n tó gbà ọ́ wọlé, síbẹ̀ mo gbà ọ́ níyànjú pé kí o ní ìwé kékeré kan. Bóyá o lè fara da òórùn, igbe àti ìdúró pípẹ́, ó sàn kí o mọ̀ ọ́n báyìí ju kí o mọ̀ ọ́n ní ipele 400.

Akin_Ṣàgámù

Ẹ jọ̀wọ́, ipò kan náà ni èmi náà wà. Wọ́n ní kí n lọ ṣe JUPEB, ètò ìgbáradì fún yunifásítì, dípò kí n jókòó sílé. Ṣé ó dára?

Ọmọ_Ìṣègùn_400L

Ó sinmi lé owó àti ilé-ẹ̀kọ́ tí o fẹ́. JUPEB àti IJMB, tó jẹ́ irú rẹ̀, ń gba bí ọdún kan, iṣẹ́ mẹ́ta ni wàá ṣe, 16 sì ni àpapọ̀ máàkì tó ga jù nínú méjèèjì. Bí o bá gbà á dáadáa, wàá gba Direct Entry, ìwọlé tí kì í ṣe ti UTME, lọ, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan sì ń gbà ọ́ sí ipele 200. Ṣùgbọ́n àyè Direct Entry fún ìṣègùn kéré púpọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń gba ìwé ẹ̀rí méjèèjì fún ìṣègùn. Kí o tó san kọ́bọ̀, wọ IBASS, ìwé ìlànà ìwọlé tó wà lórí ojú-òpó JAMB, kí o wo ohun tí yunifásítì tí o fẹ́ kọ síbẹ̀ fún ìṣègùn gan-an, má wo ti Microbiology. Ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù fún ọ kò ní sọ èyí fún ọ.

Dókítà_Agbègbè_Ọ̀yọ́

Mo ń ka gbogbo yín, ẹ kú làákàyè. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un nípa ohun tí kò yẹ kí ọmọ yìí ṣe. Kó má lọ ra ìwé Anatomy ńlá kan sílé. Mo mọ ìdí tó fi ń wù wọ́n. Ó ń jẹ́ kí wọ́n rò pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ipele 200, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látilẹ̀ pẹ̀lú òkú tí wọ́n ń là lójú ara wọn, àwọn oṣù tí wọ́n fi há orúkọ egungun sórí nílé kò sì ní fi nǹkan kan kún Post-UTME wọn. Kẹ́mísìrì ni kó dojú kọ, pàápàá apá organic tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama kì í parí. Físíìsì ni kó dojú kọ. Kó sì mú Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kúnkúndùn, kì í ṣe nítorí C6 nìkan: ìbéèrè 60 ni Gẹ̀ẹ́sì ní nínú 180 tí UTME ní, àwọn mẹ́ta tó kù ní 40 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń ka àyọkà gígùn lójoojúmọ́ á rí èrè rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun kejì ni etí. Bí ó bá dé ilé ìwòsàn alábọ́dé yẹn, kó gbọ́ bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń ṣàlàyé àìsàn wọn. Màmá kan á jókòó, á ní ara òun ń gbóná láti inú, pé òun kò rí oorun sùn, pé ọkàn òun kò lélẹ̀. Kó tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, á ti dárúkọ ọmọ rẹ̀ tí kò pè é láti Èkó. Ìtàn yẹn wà lára àìsàn náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, mọ èyí nígbà tó mú àwọn tí ọpọlọ wọn kò ṣe déédéé lọ gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn Àrò ká ní 1954, dípò kó máa tì wọ́n mọ́lé. A ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ti ní sùúrù láti gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà láti ilé, ó máa ń ṣòro fún un.

Bímpé_Àkúrẹ́

Ẹ má gbàgbé ohun kan tí kò sí ẹni tó tíì mẹ́nu bà. Ọmọbìnrin tó bá wà nílé ni gbogbo ilé máa ń rán níṣẹ́. Ọdún tí mo fi wà nílé kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́, bí àlejò bá dé, èmi ni. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá bímọ, èmi ni. Bí ẹ̀rọ bá ń lọ ata, èmi náà ni. Kò sí ẹni tó ní ìkà nínú. Gbogbo wọn kàn gbà pé mi ò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Ohun tó gbà mí ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kúrò nílé láàárọ̀ bí ẹni tó ń lọ sí iṣẹ́, mo ń lọ sí ilé-ìkàwé ìjọba, n kì í sì í padà kí oòrùn tó yẹ àtàrí. Àdùkẹ́, bá àwọn òbí rẹ sọ èyí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí o sọ ọ́ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n kí o sọ ọ́.

Àdùkẹ́_Gbági

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ka ìdáhùn yín fún àwọn òbí mi létí, bàbá mi sì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ti Bàbá Olùkọ́. A ti fẹnu kò pé bí n kò bá rí ìṣègùn gbà ní ọdún tó ń bọ̀, ohun tí wọ́n bá fún mi nínú ẹ̀kọ́ ìlera ni mo máa gbà, n kò ní tún jókòó.

Ohun tí mo ti tò sílẹ̀ rèé. Àárọ̀ jẹ́ ti ìwé, níta ilé, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Bímpé ṣe wí. Bó bá di ọ̀sán, mo máa lọ bá màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ti ní àwọn á máa fún mi ní nǹkan díẹ̀ tí mo máa fi pamọ́ fún owó fọ́ọ̀mù àti ìdánwò oníwèé mẹ́wàá tí mo fẹ́ tún ṣe, nítorí mo fẹ́ kí ọ̀nà UNILAG náà ṣí sílẹ̀ fún mi. Ọjọ́ àjẹsára nìkan ni mo máa lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà lẹ́bàá ilé wa. Màmá mátírọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀wọ́ mà, báwo ni mo ṣe máa wọlé síbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lé mi?

Mátírọ́ọ̀nù_Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, wọn kò ní lé ọ bí o bá gba ọ̀nà tó tọ́. Kọ lẹ́tà sí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn náà, fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìlera alábọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Sọ ọjọ́ orí rẹ, sọ ilé-ẹ̀kọ́ tí o ti jáde, sọ pé ìwé kíkọ àti òṣùwọ̀n lo fẹ́ bá wọn ṣe, kí bàbá tàbí màmá rẹ sì fọwọ́ sí i, nítorí o kò tíì pé ọdún 18. Wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Béèrè fún abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) bí o kò bá tíì gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un fún àgbàlagbà, ti ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ lẹ́yìn oṣù kan, ti ẹ̀ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́, torí náà tètè bẹ̀rẹ̀. Bí o bá rí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò nílẹ̀, má fọwọ́ kàn án, má gbìyànjú láti dé e lórí, pe nọ́ọ̀sì. Fóònù rẹ, inú báàgì ni kó wà. Kò sí fọ́tò aláìsàn, kò sí fọ́tò ọmọ, bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ gbà fún ọ.

Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá sì fi abẹ́rẹ́ lé ọ lọ́wọ́ pé kí o kàn gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan, ohun tí wàá sọ ni pé, "Mà, wọn kò tíì kọ́ mi."

Bàbá_Olùkọ́_Òṣogbo

Inú mi dùn sí ti bàbá rẹ. Bí o bá ní ìbéèrè nínú Báyọ́lọ́jì, kọ ọ́ síbí, mo wà níbí ní alaalẹ́.

Ọmọ_Ìṣègùn_400L

Àbúrò, ọ̀kan ló kù, ó sì kéré. Wákàtí méjì ni UTME, ìbéèrè 180, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú-àáyá 40 ló bọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí kọ̀ǹpútà sì ni gbogbo rẹ̀. Má fi fóònù nìkan ṣe ìdánrawò. Lọ sí ibi tí kọ̀ǹpútà gidi wà, kí o fi kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ tí JAMB fàyè gbà ṣe é láì fọwọ́ kan máòsì: A, B, C àti D láti yan ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ránṣẹ́, R láti yí ọkàn padà lórí ìyẹn. Máòsì tó wà ní gbọ̀ngàn ìdánwò lè má ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Bẹ̀rẹ̀ èyí ní oṣù kìíní, má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, kí o sì gbé ìṣirò máàkì rẹ wá síbí lẹ́yìn tí àbájáde UTME bá jáde, ká lè mọ iye tí Post-UTME ní láti gbé wá.